Irọ́ Ni Pé Ogun Kò Lófin

Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ títí ó fi sú mi. Wọ́n ń sọ ọ́ nínú mọ́tò láti Mowe sí Ibafọ, wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àwọn àgbàlagbà tí mo bọ̀wọ̀ fún pàápàá máa ń sọ ọ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ ìròyìn tán: "Ogun kò lófin." Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bọ́ǹbù ìjọba bọ́ sórí àwọn tó ń sá fún Boko Haram: ogun kò lófin. Wọ́n yìnbọn pa ẹni tí wọ́n ti dè tọwọ́ tẹsẹ̀: ogun kò lófin. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn bá sì para wọn ládùúgbò wa, ẹlòmíràn á ní ogun ti dé nìyẹn, kí ìjọba kó ṣọ́jà wá, kí wọ́n yìnbọn fún ẹnikẹ́ni tí ìrísí rẹ̀ bá jọ tiwọn.

Mo wá ta ko ọ̀rọ̀ yẹn. Irọ́ ni. Ogun lófin, òfin náà wà ní kíkọ, orílẹ̀-èdè wa sì ti wà lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mi ò tíì di lọ́yà, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ènìyàn bá di lọ́yà kó tó mọ̀ pé ẹni tó ní kí wọ́n yọ òfin kúrò lójú ọ̀nà kò mọ ẹni tí mọ́tò máa gbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe Mowe ní ojú ogun, ọmọ ta ni ẹ rò pé ìbọn máa kọ́kọ́ bà?

Àwọn kan á ní òyìnbó ló gbé òfin ogun dé. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Yorùbá ló ní bí a ti ń jà, bí i ká kú kọ́. Yorùbá náà ló ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ fara balẹ̀ wo òwe kejì yìí: kò ní kí ọba gé gbogbo ọwọ́, kò sì ní kó gé ìka ẹ̀gbọ́n ẹni tó ṣẹ̀. Ìdajì ohun tí àwọn amòfin kọ sínú ìwé ní Geneva ló wà nínú òwe méjèèjì. Mi ò sọ pé àwọn baba wa pa òwe wọn mọ́ o. Wọ́n run Òwu ní bí igba ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ibẹ̀ kọ́. Ogun Kírìjì jà láti 1877 títí wọ 1893, bẹ́ẹ̀ ìwé àdéhùn àlàáfíà ti wà láti 1886. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nínú irú ogun bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọn wà ní Brazil àti Cuba lónìí. Ọ̀pọ̀ abúlé tó yí wa ká ní Ọbafẹmi-Owode àti Ifọ, ọmọ àwọn tó ń sá fún ogun ló tẹ̀ wọ́n dó. Tí ẹni tí ogun lé dé ibi tó ń gbé bá wá ń sọ pé ogun kò lófin, ó yẹ kó ya gbogbo wa lẹ́nu.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí òfin àgbáyé máa ń bi ìjà ni pé: irú ìjà wo ni ọ́? Kì í kọ́kọ́ bèèrè ta ló jàre. Ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi, okùn kan náà ló de àwọn méjèèjì nígbà tí ìbọn bá ti dún.

Bí ó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè méjì ló kọlu ara wọn, bí ṣọ́jà Nàìjíríà àti ti Kamẹrúùnù ṣe kọlu ara wọn ní Bakassi ní 1994, ogun àárín orílẹ̀-èdè nìyẹn. Àdéhùn Geneva mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1949 ló máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Ṣọ́jà tí ọwọ́ bá tẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n ogun. Wọn kò lè torí pé ó gbé ìbọn fún ìlú rẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á jẹ́ kó kọ lẹ́tà sílé, wọ́n á sì dá a padà nígbà tí ogun bá parí. (Ilé ẹjọ́ ló parí ọ̀rọ̀ Bakassi fúnra rẹ̀, ní ọdún 2002, Nàìjíríà sì yọ ọwọ́ kúrò pátápátá ní 2008. Àwọn tó ní òfin àgbáyé kò wúlò kì í rántí ìyẹn, bóyá torí pé àwa ló pàdánù.)

Bí ó bá jẹ́ ìjọba ló ń bá ẹgbẹ́ kan jà nínú ilé ara rẹ̀, ọ̀nà yà. Níhìn-ín, ẹni tó gbé ìbọn kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ìjọba lè fi òfin ilẹ̀ bá a ṣẹjọ́, kó sì rán an lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n abala kan wà, Abala Kẹta, tí wọ́n kọ bákan náà sínú àdéhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó de ìjọba àti ẹgbẹ́ náà pọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tí kò jà, àti ẹni tó ti jà rí ṣùgbọ́n tó ti ju ìbọn sílẹ̀, tó ṣàìsàn, tó fara gbọgbẹ́, tàbí tó wà nínú àhámọ́, ẹ kò gbọdọ̀ pa á, ẹ kò gbọdọ̀ dá a lóró, ẹ kò gbọdọ̀ fi í ṣe ẹni ìdógò, ẹ kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ ikú fún un láìsí ilé ẹjọ́ gidi. Ẹ kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ jọ, kí ẹ sì tọ́jú wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kíláàsì mẹ́fà lè kọ́ ọ sórí kó tó di àkókò ìsinmi ọ̀sán.

Ọ̀nà kẹta ni ìjà tí kò tíì di ogun: rògbòdìyàn ìgboro, ìdigunjalè, ìjínigbé, ẹgbẹ́ òkùnkùn. Òfin ogun kò wọ ibẹ̀ rárá. Ibí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ ọ sódì, wọ́n rò pé níbi tí òfin ogun kò bá dé, òfin ti tán. Òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Níbi tí ogun kò bá sí, òfin le sí i. Lójú ogun, ṣọ́jà lè yìnbọn fún ọmọ ogun ọ̀tá tó ń sùn nínú àgọ́ rẹ̀, òfin kò ní mú un. Ládùúgbò tí kò sí ogun, ọlọ́pàá kò lè yìnbọn fún olè tó ń sùn. Ó gbọ́dọ̀ jí i, kó fi pańpẹ́ sí i lọ́wọ́, kó gbé e lọ síwájú adájọ́. Ìbọn tó máa pa ènìyàn kò tọ́ níbẹ̀ àfi bí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá wà nínú ewu tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó ń pariwo pé ogun ti dé sí Ibafọ, ó ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n dín ẹ̀tọ́ òun kù ni.

Ta wá ni yóò sọ irú ìjà tó jẹ́? Kì í ṣe gómìnà, kì í ṣe ọ̀gá ṣọ́jà, kì í sì í ṣe ìwé ìròyìn. Ní 1995, ilé ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ fún ọ̀ràn Yugoslavia sọ ọ́ nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tadić, àwọn ilé ẹjọ́ mìíràn sì ń tẹ̀lé e dòní: ẹ wo bí ìjà náà ṣe le tó àti bó ṣe pẹ́ tó, kí ẹ sì wo bóyá ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba jà ní ètò, ó ní aṣáájú, ó ní àṣẹ tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo orúkọ tí ẹnu sọ ọ́. Kí ìjọba pè wọ́n ní afẹ̀míṣòfò, agbébọn tàbí ajínigbé, orúkọ kò yí ohun tí òfin bèèrè padà.

Ẹni tó bá gbọ́n á wá bi mí pé: òfin yìí, ta ni wọ́n ṣe é fún? Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì pọ́n àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é lé. Ìyá àgbà mi ní Ifọ ṣì máa ń fi Ogun Adúbí ka ọjọ́ orí ìyá tó bí i. Ní 1918, àwọn Ẹ̀gbá dìde sí owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé lé wọn lórí, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba òmìnira ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1914. Wọ́n hú irin rélùwéè ní apá gúúsù Abẹ́òkúta, lójú ọ̀nà rélùwéè kan náà tó gba Ifọ kọjá, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Ìjọba kó ṣọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Jámánì ní ìlà-oòrùn Áfíríkà dé lé wọn lórí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ní 1918 kan náà, ní Yúróòpù, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ń fẹ̀sùn kan ara wọn pé wọ́n rú òfin ogun tí wọ́n jọ ṣe ní ìlú Hague ní 1899 àti 1907. Òfin wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sí fún àgbẹ̀ tó wà ní Wasinmi. Àárín àwọn ìjọba tó fọwọ́ sí i nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀tẹ̀ ìlú tí wọ́n ń mú sìn sì rèé, ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni wọ́n kà á sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá sí i.

Ìdí nìyẹn tí Abala Kẹta ti ọdún 1949 fi ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ìyókù àdéhùn náà lọ. Òun ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn "ọ̀rọ̀ abẹ́lé" tó wọlé. Nàìjíríà gba àwọn àdéhùn náà fún ara rẹ̀ ní 1961, ó gba àfikún méjèèjì ti ọdún 1977 ní 1988, ó sì gba òfin ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé, ICC, wọlé ní 2001. Kò sí òyìnbó tó fi ìbọn dúró lẹ́yìn wa nígbà yẹn. Torí náà, bí aláṣẹ kan bá sọ lónìí pé ohun tó ń lọ ní Borno tàbí Zamfara, ọ̀rọ̀ abẹ́lé wa ni, kí àjèjì má dá sí i, ohùn gómìnà amúnisìn ti ọdún 1918 ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọ̀ ara nìkan ló yàtọ̀.

Nígbà ogun abẹ́lé, láti oṣù keje 1967 sí oṣù kìíní 1970, a gbìyànjú òfin yìí wò, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ìtàn náà torí ó ń fi ojú méjèèjì hàn. Ọ̀gágun Gowon kọ ìlànà kan jáde fún àwọn ṣọ́jà rẹ̀ ní oṣù keje 1967, bí ogun ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aboyún àti ọmọdé, wọn kò gbọdọ̀ ba ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí jẹ́, ṣọ́jà Biafra tó bá sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀, kí wọ́n gba ìbọn rẹ̀ kí wọ́n má pa á. Ìjọba kò gbà pé Biafra jẹ́ orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n ṣe ọmọ ogun rẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó pàdánù ohunkóhun nítorí ìyẹn? Ó gba àwọn tó wá ṣọ́ bí ogun ṣe ń lọ láti ilẹ̀ òkèèrè láyè ní 1968. Ní ọdún kan náà, wọ́n yìnbọn pa ọ̀gá ṣọ́jà kan níṣojú àwọn oníròyìn nítorí pé ó pa ẹni tó wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Ojú kejì ni Asaba. Oṣù kẹwàá 1967, kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ìlànà yẹn jáde. Àwọn ará ìlú jó jáde láti kí ṣọ́jà káàbọ̀, wọ́n ń kọrin pé Nàìjíríà ọ̀kan ni. Ṣọ́jà ya ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn lù wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú. Kò sẹ́ni tó jẹ́jọ́ rẹ̀. Ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn náà, ní 2002, ni Gowon tó tọrọ àforíjì. Ìwé òfin wà nínú àpò àwọn ọ̀gá nígbà tí wọ́n ń yìnbọn yẹn. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa bèèrè. Nígbà tí ẹnì kan bá wá sọ fún mi pé Asaba fi hàn pé ogun kò lófin, mo máa ń bi í pé, ṣé bí olè bá jí ewúrẹ́ rẹ tí ọlọ́pàá kò mú un, olè jíjà ti di ohun tó tọ́ nìyẹn?

Wàyí o, Boko Haram. Ní oṣù keje 2009, nígbà tí wọ́n bá ọlọ́pàá jà ní Maiduguri, ogun kò tíì dé. Òfin ọ̀nà kẹta ló yẹ kó ṣiṣẹ́: mú un, gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ṣọ́jà mú Muhammad Yusuf, olórí wọn, láàyè, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó sì kú síbẹ̀ pẹ̀lú ọta ìbọn lára. Ẹjọ́ kan kò wáyé. Ìlú kò gbọ́ ẹ̀rí, kò mọ àwọn tó ń fún un lówó, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí ajẹ́rìíkú tí wọ́n ń wá. Shekau ló gba ipò rẹ̀. Mi ò sọ pé bí wọ́n bá gbé Yusuf lọ síwájú adájọ́, ogun kò ní ṣẹlẹ̀. Mo ń sọ pé àwọn tó gé òfin kúrù láti tètè parí ọ̀rọ̀ kò parí rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2013, ó ti di ogun lójú òfin; agbẹjọ́rò ICC sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn rẹ̀ lọ́dún yẹn. Pé ṣọ́jà Chad, Niger àti Kamẹrúùnù wá bá tiwa jà kò sọ ọ́ di ogun àárín orílẹ̀-èdè, torí ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo ìjọba wà. Abala Kẹta ló de gbogbo wọn, títí kan Boko Haram tí kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Wọ́n jí ọmọbìnrin 276 ní Chibok ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014. Wọ́n jí agbẹ̀bí méjì tó ń bá Àjọ Alágbèélébùú Pupa ṣiṣẹ́ ní Rann, wọ́n sì pa wọ́n ní 2018. Ọ̀ràn ogun nìyẹn, kò sí àlàyé tó lè fọ̀ ọ́.

Ìjọba ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2014, àwọn agbébọn já ọgbà àtìmọ́lé Giwa ní Maiduguri, àwọn tó wà níbẹ̀ sá jáde. Amnesty International ní ó ju 600 lọ tí ṣọ́jà tún mú tí wọ́n sì pa, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìní ìbọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 2017, bàálù ológun ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tó sá fún ogun ní Rann, àgọ́ tí ṣọ́jà fúnra wọn ń ṣọ́. Ó ju àádọ́ta ènìyàn tó kú lọ, òṣìṣẹ́ Alágbèélébùú Pupa mẹ́fà wà nínú wọn, wọ́n ń pín oúnjẹ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 2023, ní Tudun Biri ní Kaduna, dírónù ju bọ́ǹbù sí àwọn tó ń ṣe ọdún Máólúdì. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rin. Ní Rann àti Tudun Biri, wọ́n ní àṣìṣe ni.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin ogun ní ọ̀rọ̀ fún àṣìṣe pàápàá: kí ẹ tó ju bọ́ǹbù, ẹ gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá yín láti mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀, bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ará ìlú ni kí ẹ kà á sí. Dírónù kò dín ẹrù yẹn kù. Ó fi kún un ni, torí ẹni tó ń darí rẹ̀ jókòó síbi tí ọta kò lè bà á, ó sì ní ojú àti àkókò tí ọlọ́fà ayé àtijọ́ kò ní.

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ ni pé: "Boko Haram kì í tẹ̀lé òfin, kí ló dé tí àwa máa tẹ̀lé e?" Ọ̀rọ̀ yìí ni mo kórìíra jù, torí ó dùn gbọ́ létí. Àwọn wo gan-an ló wà nínú "àwa" náà? Ẹni tó kú ní Rann kì í ṣe Boko Haram. Boko Haram ló sá fún. Àwọn tó ń ṣe ọdún ní Tudun Biri kò jí ẹnikẹ́ni gbé. Bí a bá ní a ó rú òfin torí ọ̀tá rú u, ará ìlú tiwa la máa ń rú u lé lórí. Ní oṣù kejìlá 2020, agbẹjọ́rò ICC nígbà náà, Fatou Bensouda, sọ pé òun rí ìdí láti gbà pé Boko Haram àti àwọn agbófinró Nàìjíríà ti dá ọ̀ràn ogun àti ọ̀ràn sí ọmọ ènìyàn. Ọdún gorí ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ìwádìí gan-an kò bẹ̀rẹ̀. Mo bá ilé ẹjọ́ náà wí nínú èyí: bí ó bá le tó láti sọ ọ́, ó le tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́ Ògùn, orúkọ odò ni, kì í ṣe ogun. Síbẹ̀ ẹnu wa kún fún ogun. Àwọn tó ń fi tipátipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ ní Mowe àti Ifọ, ajagungbalẹ̀ là ń pè wọ́n. Wọ́n ń jagun lẹ́nu wa, wọn kò jagun lójú òfin. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe òfin fún wọn ní 2016, òfin kan náà tó mú ajínigbé àti ẹgbẹ́ òkùnkùn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ń fi àdá àti ìbọn para wọn, ọ̀daràn ni wọ́n. Wọn kò ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, wọn kò bá ìjọba jagun. Bí a bá pè wọ́n ní ọmọ ogun, iyì tí wọn kò ní là ń fún wọn.

Nígbà tí wọ́n pa ogójì ènìyàn ó kéré tán nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, inú bí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì yẹ kó bí wa. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe òfin. Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ láti 2020 kì í ṣe ọmọ ogun. Ẹni tí wọ́n bá mú, ọlọ́pàá ló yẹ kí wọ́n fà á lé lọ́wọ́, kí ó sì lọ síwájú adájọ́.

Bàbá mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ládùúgbò wa, èmi ni mo sì máa ń bá wọn tún àkọsílẹ̀ ìpàdé kọ. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ti jà fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnì kan dábàá pé kí àwọn ọdẹ máa yìnbọn fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí níta lẹ́yìn agogo méjìlá òru. Àwọn mìíràn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tó mọ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ bá mi dá a lóhùn: ta ni kì í dé ilé lẹ́yìn agogo méjìlá? Bí tírélà kan bá ṣubú ní Long Bridge, ìdajì Mowe ló máa fẹsẹ̀ rìn wọlé lóru. Nọ́ọ̀sì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó dá àbá yẹn gan-an, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni àwọn tó gbé ìbọn, tí mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ wọn, wá kó àwọn ọ̀dọ́ ní òpópónà kejì sí tiwa. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń kọ́ṣẹ́ títún fóònù ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó kun irun rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lọ́dọ̀ wọn. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, láàárín ọjọ́ kan ni kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́. Ṣágámù kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí wa. Ìyá rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìlọta tó fi ń jẹun kó tó rí i gbà. Nígbà tí mo sọ fún bọ̀dá kan ládùúgbò pé èyí kò bófin mu, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, àsìkò ogun la wà." Ẹ ti rí ohun tí gbólóhùn yẹn wà fún. Kò mú ẹgbẹ́ òkùnkùn kan. Ẹ̀rọ ìlọta ló mú lọ.

Ẹ̀yin òbí wa, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ̀rù ń ba àwa náà, torí ojú ọ̀nà ilé ìwé ni wọ́n ti ń jà. Ẹ bèèrè ohun tó tọ́ síwa: ọlọ́pàá tó máa tètè dé, iná lójú pópó, ẹjọ́ tó máa parí kí ọmọ ẹni tó ń ṣẹjọ́ tó di bàbá. Kò sí ìkankan nínú wọn tó nílò pé kí ẹ pè é ní ogun.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tó kù bá jà. Àdéhùn Geneva kẹrin, ní abala 144, ní kí ìjọba tó bá gbà á máa tan òfin náà kálẹ̀, kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́jà, kí wọ́n sì fi kọ́ ará ìlú bó bá ti ṣeé ṣe. Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba Ìkéde Ilé Ìwé Aláàbò ní 2015, èyí tó ní kí ológun má fi ilé ìwé ṣe ibùdó. Abuja ni wọ́n ti ṣe àpérò rẹ̀ ní 2021. Láti kíláàsì kìíní girama ni mo ti ń ṣe ẹ̀kọ́ nípa ìlú. Mo mọ àwọ̀ àsíá wa àti ìtumọ̀ ẹṣin tó wà lára àmì ìjọba. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa Abala Kẹta kò dé etí mi nínú kíláàsì, èmi fúnra mi ni mo wá a kà. Bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni àwọn ọmọ kíláàsì wa ń lọ gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ṣọ́jà àti ọlọ́pàá. Àwọn kan nínú wa máa di ìbọn mú kí ọdún márùn-ún tó pé.

Kò gba ìwé tuntun. Pátákó kan, ṣọ́ọ̀kì kan, ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ fi Yorùbá kọ ìbéèrè yìí fún wa: ṣọ́jà mú ọkùnrin kan tó ti ju ìbọn sílẹ̀, ẹnì kan kò rí wọn, ọkùnrin náà sì ti pa ọ̀rẹ́ ṣọ́jà yìí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kí ni òfin ní kó ṣe? Lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ ká jiyàn rẹ̀.